Èjìká Bàbá Pẹ́drò

Abúlé Òkúta, Bàrígà,
Àárọ̀ Sátidé.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kan bẹ́ẹ̀dì fún kó tó dáyé,

Ẹnu á yà ọ́ pé mo jókòó kọ̀wé sí ọ. Ọsibítù tí o ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sílé wa, mo lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, nígbà tí àwọn ẹbí bá dúró yí i ká. Mo sì mọ ara mi. Bí mo bá rí ọ nínú aṣọ funfun yẹn, ojú mi á rọ̀, màá bi ọ́ bóyá o ti jẹun, màá sì padà wálé láì sọ nǹkan kan. Ìyá rẹ ni yóò mú ìwé yìí wá pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ rẹ. Kà á dé òpin kí o tó bínú sí mi.

O mọ̀ pé ní Mọ́ńdè ni bùọ̀dá mi Àjàní, tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Pẹ́drò nítorí àdúgbò tí wọ́n kọ́lé sí, já bọ́ láti orí àkàbà ní Ṣómólú, tí eegun apá ọ̀tún wọn dá lábẹ́ èjìká gan-an. O mọ̀ pé dókítà ti la ibẹ̀, ó ti fi irin so eegun náà pọ̀, ó sì ti rán an. Wọ́ọ̀dù tìrẹ ni wọ́n gbé wọn sí, nítorí náà o mọ èyí jù mí lọ. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé Láyí, ọmọ wọn ọkùnrin, wá bá mi lánàá níbi tí mo ti ń fági. Kò tiẹ̀ jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ̀wé sí Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n ní kí bàbá wa tẹ̀ba kí wọ́n máa fi apá yẹn síwá sẹ́yìn. Irin ṣì wà nínú ẹ̀ o! Bàbá wa ń sunkún bí ọmọdé. Àwọn nọ́ọ̀sì yẹn, dem no get mercy at all. Kó bá wa bẹ dókítà kí wọ́n tètè dá wọn sílẹ̀. A ti bá onílọ́rì sọ̀rọ̀, a fẹ́ gbé wọn lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní Túsìdeè, kí wọ́n lọ sinmi, kí apá yẹn dúró jẹ́ẹ́.”

Mo ní, “Mo ti gbọ́.” Ó rò pé mo ti gbà nìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọmọ mi, mo fẹ́ kí o kọ etí dídi sí gbogbo ohun tí Láyí bá sọ. Kí o sì lè mọ ìdí rẹ̀, ó di dandan kí n sọ bí apá tèmi ṣe di ohun tó dà yìí. Ìtàn tí o gbọ́ láti kékeré ni pé òyìnbó ló gé e níbi tí kò yẹ kó gé, tó sì bà á jẹ́. Irọ́ ni. Inú ilé wa ni wọ́n ti pa irọ́ yẹn, a sì ti ń fi bọ́ àlejò láti ìgbà náà.

O ṣì ń lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Èmi àti bùọ̀dá mi ń kan òrùlé ilé kan ní Ladi-Lak. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí lórí bẹ́ńṣì nìkan, ẹ ò mọ̀ mí rárá. Lórí òrùlé ni mo ti jẹ́ èèyàn. Mo lè jókòó lórí igi àjà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí n máa gba ìṣó lẹ́nu ara mi, kí n máa gbá a wọlé, kí n sì máa kọrin. Bí o bá gba Bàrígà kọjá nígbà náà, páànù tó bá tẹ́jú tí kò sì jò, bi wọ́n, wọ́n á sọ pé Káfíńtà Abúlé Òkúta ló kàn án. Òjò ti rọ̀ lóru, páànù ṣì tutù. Bùọ̀dá mi ní ká dúró kó gbẹ. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo gùn ún, ẹsẹ̀ mi yọ̀, èjìká ọ̀tún ni mo fi balẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún wọn níbi tó bá yẹ. Bùọ̀dá mi ló gbé mi sórí ọmọlanke, àwọn fúnra wọn ló tì í dé ọsibítù, ẹkún sì ń já lójú wọn lójú ọ̀nà. Àwọn ni ọ̀gá mi. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ láti kékeré nígbà tí bàbá wa kú. N kò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn mi tó wọn, ohun tó sì mú ọ̀rọ̀ yìí korò lẹ́nu mi nìyẹn.

Dókítà òyìnbó tó wà níbẹ̀ nígbà náà ti tún eegun àwọn ọmọ ogun tó ti Bọ́mà bọ̀ ṣe. Ó ya fọ́tò eegun mi, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó fi hàn mí. Orí eegun apá, èyí tó rí róbótó, ti dá kúrò lára ìyókù, ó sì ti yí dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bí òun bá dè é lásán, yóò so pọ̀ ní wíwọ́. Ó fẹ́ là á, kó dá orí náà padà síbi tó yẹ, kó fi irin gún un mọ́lẹ̀. Mo ní kó máa ṣe é lọ. Wọ́n fún mi lóògùn oorun, nígbà tí mo sì jí, iṣẹ́ ti parí. Iṣẹ́ tó dára ni. Káfíńtà ni mí, mo mọ iṣẹ́ tó dára.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Sístà wọ́ọ̀dù wá bá mi. Obìnrin Ìjẹ̀bú kan ni, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì le. Ó tú aṣọ tí wọ́n fi gbé apá mi kọ́ ọrùn. Ó ní kí n tẹ̀ba, kí n fi ọwọ́ òsì di bẹ́ẹ̀dì mú, kí n jẹ́ kí apá ọ̀tún rọ̀ sílẹ̀ bí korobá tó ń rọ̀ nínú kànga, kí n sì máa fì í díẹ̀díẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, mo ké. Mo bú u. Mo bú ìyá tó bí i.

Ó ní, “Ẹ bú mi dáadáa, Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ sáà máa fì í lọ. Èjìká yín yìí, odó àti ọmọ odó ni. Tẹ́ ẹ bá gúnyán tán tẹ́ ẹ fi ọmọ odó sílẹ̀ sínú odó di ọ̀la, kí ló máa ṣẹlẹ̀?”

Mo ní, “Á gbẹ mọ́ ọn.”

Ó ní, “Ẹ ti dá ara yín lóhùn.”

Ìgbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí ni bùọ̀dá mi wọlé, ìyá rẹ ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ. Wọ́n rí mi níbi tí mo ti tẹ̀ba, tí omi ń já lójú mi, tí apá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi irin gún ń fì sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n ò bá Sístà jà. Wọ́n dúró títí ó fi lọ, wọ́n wá fà mí jókòó.

Wọ́n ní, “Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni, sà.”

“Tá a bá fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹsẹ̀ àga, tá a tún kàn án níṣòó, kí là ń ṣe sí i?”

“À ń dè é pa, sà. À ń gbé e sí kọ̀rọ̀.”

“Ta ló ń mì í?”

“Kò sẹ́ni tó ń mì í, sà.”

“Ọmọṣẹ́ tó bá mì í ńkọ́?”

Àwa méjèèjì mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń na ọmọṣẹ́ sí nínú ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn. Àpá ẹgba tí mo jẹ lórí ẹsẹ̀ tábìlì kan ṣì wà lẹ́yìn mi di òní. Ọ̀rọ̀ Sístà wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bùọ̀dá mi wọ̀ mí nínú egungun, torí mo ti fi ọwọ́ mi ṣe é mọ́ àìmọye àga. Bí ó bá jẹ́ àgbẹ̀ ni mí, tàbí apẹja bí àwọn ará ẹ̀bá ọ̀sà, bóyá ǹ bá gbọ́ ti obìnrin yẹn. Káfíńtà méjì ló jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọ́n sì fẹnu kò pé àga ni èèyàn.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, wọ́n ní kí n máa padà wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún eré apá. Bùọ̀dá mi ní, “Yẹ́sà.” Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé mi sínú lọ́rì tó ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kí wọ́n tó gbé mi, wọ́n fá pákó kan. Pákó àfàrà ni, wọ́n fá a títí ó fi ń dán, wọ́n gbẹ́ ibi tí ìgbọ̀nwọ́ mi máa wọ̀ sí, wọ́n fi aṣọ tẹ́ inú rẹ̀ kó má baà họ mí lára. Wọ́n fi de apá mi mọ́ àyà. N kò rí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí, kí n má purọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi fá a.

Nílé, wọ́n kẹ́ mi bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ìyá mi àgbà ń wẹ̀ fún mi. Àwọn ìyàwó ilé ń fi òkèlè sí mi lẹ́nu. Bí mo bá fẹ́ nawọ́ mú omi, èèyàn mẹ́ta á ti dìde. Ìyá rẹ nìkan ló ń sọ ọ́ pé, “Bàbá Àbẹ̀kẹ́, nọ́ọ̀sì yẹn ní kẹ́ ẹ máa fì í o.” Bùọ̀dá mi dá a lóhùn lọ́jọ́ kan níwájú gbogbo ilé: “Ìyàwó, ṣé ìwọ ló wá mọ iṣẹ́ igi jù wá lọ báyìí?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wá ku àwa méjì, ìyá rẹ wá tú aṣọ náà, ó ní ká gbìyànjú rẹ̀. Mo jágbe mọ́ ọn pé ṣé ó fẹ́ di opó ni. Kò tún dán an wò mọ́.

A dúró di ìgbà tí bùọ̀dá mi sọ pé gọ́ọ̀mù ti gbẹ. Wọ́n tú pákó. Apá tó jáde lábẹ́ rẹ̀ tinrín bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Ọwọ́ ń di, ìgbọ̀nwọ́ ń ká bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó le díẹ̀. Mo wá ní kí n gbé e sókè. Kò kọjá ọmú mi. Mo tún gbìyànjú, èjìká fúnra rẹ̀ ló gbéra lọ bá etí mi, apá dúró síbi tó wà. Mo wo bùọ̀dá mi. Wọ́n ní, “Á rọ̀.” Kò rọ̀.

A padà sí ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ya fọ́tò mìíràn, ó gbé e sójú fèrèsé, inú rẹ̀ dùn. Eegun ti so pọ̀, ó tọ́ geere, irin wà níbi tó fi í sí. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n nawọ́ sókè. Nígbà tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó bi wá bóyá mo ń ṣe eré apá tí wọ́n kọ́ mi.

Mo wo bùọ̀dá mi nítorí pé àwọn ló gbọ́ òyìnbó jù mí lọ. Bùọ̀dá mi Àjàní nà ró, wọ́n ní, “Yẹ́sà. Every day, sà.”

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló pa apá mi, kì í ṣe pákó. Bí wọ́n bá sọ òótọ́ ní ọjọ́ yẹn, dókítà ìbá mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìbá fún mi lóògùn oorun kó tú u, ìbá fi mí lé Sístà lọ́wọ́, ìbá ṣe nǹkan kan. Dípò bẹ́ẹ̀, mo rí i tó ń wo fọ́tò náà, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, tó ń wá àṣìṣe tí kò ṣe. Sístà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo èmi, ó wo bùọ̀dá mi, ó sì ṣòṣé. Ó mọ̀. Nígbà tí a délé, bùọ̀dá mi sọ fún àwọn ará àdúgbò pé òyìnbó ti bà mí jẹ́, gbogbo wọn sì ṣe pẹ̀lẹ́ fún mi. Mo gba pẹ̀lẹ́ náà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọ̀gá mi ni.

Láti ìgbà náà, n kò gun òrùlé mọ́. Àpótí ìjókòó ni mò ń kàn, àti àpótí òkú, nítorí wọn kò ga. Ní ọdún tó kọjá, òrùlé tèmi jò, ilé tí mo fúnra mi kàn, àwọn ọmọṣẹ́ bùọ̀dá mi ló wá tún un ṣe. Mo dúró nísàlẹ̀, mò ń na ìṣó sí wọn. Bí mo bá sì fẹ́ lanu bínú, màá rántí ẹni tó ń rán ọ níwèé. Àwọn ni. Wọn ò jẹ́ kí o pàdánù ọjọ́ kan nílé ìwé, wọn ò sì sọ ọ́ sí mi létí rí. Oore wọn ti dí mi lẹ́nu pa.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ìmọ̀ràn ni mo ní mo fẹ́ gbà ọ́, gbọ́ ọ.

Èkíní, bí o bá wọ wọ́ọ̀dù láàárọ̀, kí wọn kí o tó kí ẹnikẹ́ni. Kúnlẹ̀ dáadáa lójú gbogbo ènìyàn, kí o pè wọ́n ní Bàbá. Má ṣe ìkúnlẹ̀ oréfèé tí ẹ̀yin ọmọ Èkó ń ṣe, tí orúnkún kì í kan ilẹ̀. Bí o bá ti wá dìde, ìkúnlẹ̀ ti parí, nọ́ọ̀sì ló kù. Má pa méjèèjì pọ̀. Èmi pa á pọ̀, mo ṣe àbúrò, mo fi ẹnu sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n níbi tó yẹ kí aláìsàn ti dáhùn.

Èkejì, wọ́n máa bú ọ. Mo mọ wọ́n, wọ́n á ní, “Ìwọ tí mo rán níwèé ló fẹ́ pa mí?” Má sunkún, má sì fèsì pẹ̀lú àfojúdi. Sọ pé, “Ohun tí ẹ rán mi lọ kọ́ nìyí, sà. Ẹ tẹ̀ba.”

Èkẹta, ohun tí dókítà bá ní kí wọ́n ṣe gan-an ni kí o mú wọn ṣe. Má fi kún un nítorí pé inú bí ọ lórí ọ̀rọ̀ tèmi. Má yọ nínú rẹ̀ nítorí pé àánú ṣe ọ́. Bí ojú ọgbẹ́ bá pọ́n, tàbí ibà bá dé, sáré pe dókítà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹkún lásán ni, jẹ́ kí wọ́n sun ún. Wọ́n ṣàánú mi, Àbẹ̀kẹ́. Gbogbo ilé pátá ló ṣàánú mi. Jọ̀ọ́, má ṣàánú wọn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù á jáde dandan. Wọ́n á bi ọ́ pé ta ló ń mì ẹsẹ̀ àga tí kò tíì gbẹ. Má sọ̀rọ̀ odó sí wọn, wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Sọ fún wọn pé èjìká kì í ṣe ẹsẹ̀ àga, híńjì ilẹ̀kùn ni. Kí wọ́n sọ fún ọ ohun tó ń ṣe híńjì tuntun tí wọ́n kàn mọ́ ilẹ̀kùn ní àsìkò òjò, tí ẹnì kankan kò ṣí ilẹ̀kùn náà títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó lórí bẹ́ńṣì kí èsì yẹn tó sọ sí mi lọ́kàn. Ó pẹ́ fún mi. Kò tíì pẹ́ fún wọn.

Bí Láyí bá sì dé pẹ̀lú lọ́rì, má bá a jà, kò mọ̀kan. Pe dókítà kó bá a sọ̀rọ̀. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: nígbà tí dókítà bá bi wọ́n bóyá wọ́n ń fi apá náà síwá sẹ́yìn, ìwọ ni kí o dáhùn. Dúró síwájú wọn bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kí bùọ̀dá mi sọ “Yẹ́sà” ní yàrá yẹn mọ́.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí ìyá rẹ ní kí n má kọ. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi pé bùọ̀dá mi ti dá lápá, apá ọ̀tún, lábẹ́ èjìká, inú mi dùn. Mo ṣe háà, mo di orí mú, mo bọ bàtà pé mo ń sáré lọ wò wọ́n, inú mi sì ń dùn. Lánàá tí Láyí kúrò níbí, mo mú bébà láti kọ gbogbo ohun tó ní kí n kọ gẹ́lẹ́. N kò ní ṣe ju ìyẹn lọ. Màá sáà ní kí o ṣe wọ́n jẹ́jẹ́, kí o jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé. Gbogbo ayé á ní àbúrò rere ni mí, apá wọn á sì kú bí tèmi.

Ìyá rẹ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá Àbẹ̀kẹ́, tí ẹ̀yin méjèèjì ò bá lè gbápá mọ́, tí ilé bá jò, ta ló máa gùn ún?” Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa mí. Mo fa bébà náà ya.

Má rò pé mo ti dárí jì wọ́n. N kò tíì ṣe é, n kò sì mọ̀ bóyá màá ṣe é kí n tó kú. Mo fẹ́ kí apá wọn gòkè. Mo fẹ́ kó gòkè dé òkè pátápátá, kí wọ́n gun òrùlé, kí wọ́n gbé òòlù sókè, kí wọ́n wo apá yẹn, kí wọ́n sì mọ̀ pé fífì tí ọmọ mi mú wọn fì í ló gbé e dé ibẹ̀. Kí wọ́n wá rántí pákó àfàrà. N kò ní bá wọn sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni apá yẹn á máa sọ ọ́ fún wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló sì wúwo jù lọ́kàn mi.

Ní ọjọ́ tí o kó ẹrù lọ sílé àwọn nọ́ọ̀sì láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, o kúnlẹ̀ níwájú mi ní pálọ̀. Mo jókòó lórí àga bó ṣe yẹ kí bàbá jókòó. Bùọ̀dá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ilé kún. O tẹrí ba, o ń retí ọwọ́ mi. Mo fi ẹnu ṣàdúrà títí, ọwọ́ mi ò kúrò lórí orúnkún. O ṣì dúró síbẹ̀. Bùọ̀dá mi ló wá na apá ọ̀tún tiwọn, tó gòkè wẹ́rẹ́ láìsí ìnira, wọ́n gbé ọwọ́ lé ọ lórí, wọ́n súre fún ọ, gbogbo ilé ń ṣe Àmín. Nígbà tí o dé ẹnu ọ̀nà, o wẹ̀yìn wò mí. Mo rí ojú rẹ. O kò bi mí, o sì ti ń wálé lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà láì wò mí lójú dáadáa.

Ọmọ mi, kì í ṣe pé n kò fẹ́. Láti orí àga, orí rẹ ga ju ibi tí ọwọ́ mi lè dé lọ. Ọwọ́ òsì ló lè dé ibẹ̀, èmi kò sì ní fi ọwọ́ òsì súre fún ọmọ tí mo bí. N kò fẹ́ kí èjìká mi gbéra lọ bá etí mi lójú àwọn àlejò, kí wọ́n tún máa ṣe pẹ̀lẹ́ fún mi ní ọjọ́ ayọ̀ rẹ. Mo yàn kí o rò pé mo le lọ́kàn.

Bí wọ́n bá fún ọ láyè lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wá sílé lẹ́yìn ìsìn. Má mú ẹnikẹ́ni dání. Mo ti fi orí ìyá rẹ dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, ó ń rojọ́ pé orúnkún ń dun òun, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀. Tí mo bá jókòó, kò ṣeé ṣe. Tí mo bá dúró, ọwọ́ ọ̀tún mi dé ibẹ̀, ó sì balẹ̀ dáadáa.

Nítorí náà, wá kúnlẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Bàbá rẹ ni yóò dìde dúró fún ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.